Ọkùnrin Ara Ògiri

Òjìji rẹ̀ ni Fọláyan kọ́kọ́ rí. Gèlè gogoro kan ṣàdédé yọ lára ògiri, ó bo gbogbo àwọn èèyàn ńláńlá mọ́lẹ̀ láàárín fíìmù ayẹyẹ òmìnira ọdún 1960. Àsíá nìkan ló ṣẹ́ kù lókè tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

"Àǹtí tó dúró yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó!" Fọláyan pariwo láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ sinimá rẹ̀. "Ẹ ti bo òmìnira mọ́ wa lójú!"

"Orí kí ni kí n jókòó lé?" obìnrin náà dáhùn, kò tilẹ̀ yíjú padà. "Àbí orí òmìnira náà ni?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Fọláyan gbé àga tirẹ̀ fún un lẹ́bàá ẹ̀rọ, ó sì fi ìdúró ṣiṣẹ́ títí fíìmù fi tán. Ẹsẹ̀ ń ro ó, inú rẹ̀ sì ń dùn, kò mọ ohun tó fà á.

Ọdún 2007 lọ̀rọ̀ yìí. Nígbà náà, bí ẹ bá dé Festac lọ́jọ́ Sátidé kí oòrùn tó wọ̀, tí ẹ béèrè Bọ̀dá Sinimá, wọ́n á júwe gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan fún yín ní Fifth Avenue. Fọláyan nìyẹn. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba, mọ́tò sinimá ló ń wà kiri ìlú àti oko, tó ń fi fíìmù ìjọba han àwọn èèyàn. Nígbà tí ọ́fíìsì wọn ń kó lọ sí Abuja, wọ́n fẹ́ da àwọn róòlù àtijọ́ sí ààtàn, ọkùnrin yìí sì yarí. Ó kó wọn sínú páálí, ó kó páálí wá sílé. Títí ìyàwó rẹ̀ fi kú ló ń sọ pé ìdọ̀tí ìjọba ni ọkọ òun fi ṣe orogún òun.

Ọ̀pọ̀ nínú róòlù náà kò ní ohùn, àwọn tó wá wòran ló ń fún wọn ní ohùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ọba tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n kún Festac, á máa nawọ́ sí ògiri. Ọ̀kan á ní, "Ìdúmọ̀tà nìyẹn!" Òmíràn á ní, "Ẹ wo ọ̀gá wa, ẹ wo irun orí rẹ̀!" Àwọn ọ̀dọ́ á máa fi àwọn mọ́tò tó ń gba ọwọ́ òsì ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn àgbà á sì sọ fún wọn bí ìjọba ṣe ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lọ́dún 1972, tí ẹ̀rù ba gbogbo ìlú láti sọdá títì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ka ìtàn ilẹ̀ wọn lára ògiri lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, gbogbo èèyàn ti lọ tán kí obìnrin onígèlè náà tó dìde.

"Ẹ ṣeun àga," ó ní. "Ẹ̀bùnlọlá lorúkọ mi. Ìyá Débọ́lá ni wọ́n ń pè mí ní Close wa. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní fíìmù eré ìdárayá àwọn òṣìṣẹ́ ọba? Ọdún 1976 ni, ní Sùúrùlérè. Mo rí àwọn tó gbé kámẹ́rà wá lọ́jọ́ náà."

"Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀?"

"Ọkọ mi."

Ó jókòó padà, ó sì rò fún un. Adéjùwọ́n lorúkọ ọkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọba ni òun náà, ó sì fẹ́ràn tẹ́bùlù tẹ́nìsì ju oúnjẹ lọ. Jàm̀bá ọkọ̀ ló pa á lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú nígbà tí Débọ́lá, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Lọ́dún kan tí òjò pọ̀, tí ọmọ náà ṣì kéré, àgbàrá ya wọlé wọn, omi mu àpótí, gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n sì rà.

"Mo ti ń gbàgbé ojú rẹ̀, Bọ̀dá," ni Ẹ̀bùnlọlá wí. "Tí mo bá dijú, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kì í wá. Débọ́lá ò tiẹ̀ mọ ojú rẹ̀ rárá."

Àánú ṣe Fọláyan. "Tí mo bá rí fíìmù náà, báwo ni màá ṣe dá a mọ̀?"

"Ẹ ò lè ṣì í mọ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìyá rẹ̀ nà án, tíṣà nà án, kò jáwọ́. Òsì náà ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Nínú gbogbo àwọn tó gbá tẹ́bùlù tẹ́nìsì lọ́jọ́ náà, òun nìkan ni ọlọ́wọ́ òsì."

"Màá wá a," ni Fọláyan ṣèlérí, tọkàntọkàn ló sì fi ṣe é.

Ikán ti jẹ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara àwọn agolo náà, nítorí náà kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ ohun tó wà nínú róòlù kan àfi kó gbé e sára ògiri. Ẹ̀bùnlọlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́jọ́ gbogbo tí róòlù tuntun bá fẹ́ jáde. Nígbà tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ já, àwọn méjèèjì ló jọ lọ sí ọjà Trade Fair láti wá rọ́bà mọ́tò tó lè bá a mu. Níbẹ̀ ni Fọláyan ti rí i pé obìnrin yìí mọ ọjà ná ju òun lọ, ó sì mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe ju gbogbo ẹni tí òun mọ̀ lọ.

Lẹ́yìn sinimá, Fọláyan á sìn ín dé ẹnu géètì ilé rẹ̀. Kì í wọlé, nítorí ẹnu ayé àti nítorí Débọ́lá. Wọ́n á dúró síbẹ̀ máa jẹ àgbàdo sísun títí ẹ̀fọn á fi lé wọn.

"Ẹ máa lọ sílé, Bọ̀dá Sinimá."

"Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

"Ẹ bá a wí."

Ìfẹ́ àgbàlagbà kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó ń jóni lábẹ́lẹ̀. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, "Ẹ̀bùn mi" ni Fọláyan ń pè é, òun náà sì ń pè é ní "Olówó orí mi" bí kò bá sí ẹni tó ń gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú rèé. Bí róòlù tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, Ẹ̀bùnlọlá á na ọrùn sí ògiri, á gbàgbé pé ẹnì kankan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Bí ó bá parí tí Adéjùwọ́n kò sí níbẹ̀, á mí kanlẹ̀. Mímí kanlẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ dun Fọláyan. Ó wá ń dùn ún sí i, títí tó fi di pé ó ń gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Owú ti wọ inú ọkùnrin náà. Ẹni tó ń jowú alààyè lè lọ bá a nílé kí wọ́n jọ fà á. Ta ló fẹ́ bá òkú fa nǹkan kan?

Lọ́jọ́ kan, ó pinnu láti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Ẹ̀bùn, mo fẹ́ kí á ṣègbéyàwó. N ò fẹ́ máa dúró lẹ́nu géètì mọ́."

Ẹ̀bùnlọlá fi ọwọ́ lé géètì. "Mo fẹ́ràn yín, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rí i lẹ́ẹ̀kan ná. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n lè dágbére fún un. Wọn ò jẹ́ kí n rí òkú rẹ̀."

Débọ́lá ní tirẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Bánkì kan ló ń bá ṣiṣẹ́, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pa géètì dé. Ó bá Fọláyan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi.

"Ẹ má bínú sí mi, sà. Ẹ dáa sí Mọ́mì, mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ògiri ni Mọ́mì ń wò, kì í ṣe ẹ̀yin."

Ọ̀rọ̀ náà gún Fọláyan wọnú. Kò lè jẹun ọ̀sán.

Àárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló rí róòlù náà. Ó wà nínú agolo kan tó ti dípẹtà nísàlẹ̀ páálí, ikán kò tíì jẹ "eré ìdárayá 1976" tí wọ́n kọ sára ìwé rẹ̀ tán, kò sì gbé e lọ sí gbọ̀ngàn. Ó fa kọ́tìnnì yàrá rẹ̀ dé lọ́sàn-án gangan. Ó sáré fi fíìmù náà sẹ́nu ẹ̀rọ, bí olè tó ń kánjú.

Àwòrán jáde. Yàrá ńlá kan, tábìlì kan láàárín, ọkùnrin méjì ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan kúrú, orí rẹ̀ tóbi, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti já jáde lẹ́yìn ṣòkòtò, ó sì ń rẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kọjá lára rẹ̀. Èkejì ga bí igi àgbọn. Àyà rẹ̀ yọ, irun rẹ̀ dúdú, ó pọ̀, níkà àti bàtà tó wọ̀ funfun báláú. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ń pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọwọ́ òsì ló fi mú pátákó ìgbábọ́ọ̀lù.

Fọláyan jókòó. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo ikùn ara rẹ̀. Ó tún wo ọkùnrin náà. Abájọ! Abájọ tí obìnrin fi ń na ọrùn sí ògiri láti ọgbọ̀n ọdún! Owú gbé e bí ibà. Kìkì ọkùnrin kúkúrú yẹn ló tù ú nínú díẹ̀. Láìmọ̀, ó ti ń gbè é lẹ́yìn nínú yàrá òkùnkùn náà: "Gbá a! Gbá a mọ́ ọn lójú, ọ̀rẹ́ mi!" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàdánù, ó sì rẹ́rìn-ín.

Kò dúró kí fíìmù parí. Ó pa ẹ̀rọ, ó ká róòlù, ó sì tì í bọ ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú.

Nígbà tí Ẹ̀bùnlọlá dé lọ́jọ́ Sátidé, ó sọ fún un láìwo ojú rẹ̀. "Mo ti wo gbogbo páálí tán. Kò sí níbẹ̀."

Ẹ̀bùnlọlá sunkún. Fọláyan fi áńkáṣíìfù tirẹ̀ nu ojú fún un, ó sì ń kórìíra ara rẹ̀ bó ṣe ń nù ún.

"Ó dáa," obìnrin náà wí níkẹyìn. "Bóyá Ọlọ́run ò fẹ́ kí n rí i. Ẹ lọ bá Pásítọ̀ sọ̀rọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni Fọláyan ṣe rí ohun tó ń wá. Ǹjẹ́ ẹ rò pé inú rẹ̀ dùn? Ó kun irun rẹ̀ dúdú. Ó lọ ra bàtà funfun ní Mazamaza, irú èyí tó rí lẹ́sẹ̀ ọkùnrin gíga náà. Ó ń sáré yí Close wọn ká láàárọ̀, àwọn aládùúgbò sì ń bi í bóyá dókítà ló ní kó ṣe é. Bí Ẹ̀bùnlọlá bá sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, wàhálà dé.

"Ta lò ń rò?"

"Iyọ̀ ọbẹ̀ ni mò ń rò."

"Iyọ̀ nìkan?"

"Àti ata. Ta ló ń lé yín kiri, Olówó orí mi?"

Ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ ìgbéyàwó pé ni Débọ́lá wá sílé Fọláyan ní òun nìkan. Ó kúnlẹ̀ kí i, ohun tí kò ṣe rí, kó tó jókòó sétí àga.

"Mo wá tọrọ àforíjì, sà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjọ́sí ò dáa. Mọ́mì ti gbà pé kò sí fíìmù, èmi náà ti gbà. Dádì ni màá máa pè yín." Ó wo àwọn páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ṣé mo lè bá yín tú àwọn páálí yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i? Kì í ṣe tìtorí Mọ́mì. Èmi ni. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni mí tán báyìí, n ò mọ ẹni tí mo fi imú jọ."

Fọláyan wo imú ọmọ náà. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè. Owú ló ń bá bàbá jà, ṣùgbọ́n ọmọ ló ń jìyà.

"Má tú páálí kankan," ó ní. "Lọ pe ìyá rẹ wá."

Kí àwọn méjèèjì tó dé, ó ti gbé agolo náà lé orí tábìlì. Kò jẹ́ kí Ẹ̀bùnlọlá jókòó tán kó tó jẹ́wọ́. "Mo ti rí i láti ìgbà pípẹ́. Mo fi pamọ́. Mo jowú rẹ̀, Ẹ̀bùn. Mo bẹ̀rù pé tí o bá tún rí i, o ò ní wo irú èmi mọ́."

Ẹ̀bùnlọlá wò ó bí ẹni tí kò gbédè. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. "Ẹ fi hàn mí."

Ó fi í sẹ́nu ẹ̀rọ gẹ́lẹ́ bó ṣe ká a sílẹ̀. Ọkùnrin gíga náà jáde, ó fi òsì gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọbìnrin pàtẹ́wọ́. Fọláyan di ara mú, ó ń retí igbe.

"Ta nìyí?" ni Ẹ̀bùnlọlá béèrè.

"Ọkọ rẹ."

"Ọkọ ta ni? N ò mọ ẹni yìí rí láyé mi." Ó na ọrùn. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ẹni kejì yẹn... kúkúrú yẹn... Ó jọ Jùwọ́n. Ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tún ló fi ń gbá a. Jùwọ́n ò lè fi ọ̀tún mú ṣíbí! Ojú rẹ̀ náà sì rí bákan." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ẹ ò rí mi bí? Mo ti gbàgbé rẹ̀ débi pé n ò mọ̀ ọ́n mọ́. Mo ń wo ọkọ mi, n ò mọ̀ bóyá òun ni."

Fíìmù ń lọ. Ó ti dé ibi tí Fọláyan kò dúró wò níjọ́ kìíní. Ọ̀gá àgbà kan nínú kóòtù ń pín ife ẹ̀yẹ, àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù sì ń tẹrí ba níwájú rẹ̀, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mọ́mì," ni Débọ́lá wí, "ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bọ ọ̀gá lọ́wọ́ láyé ìgbà yẹn? Òsì ni gbogbo wọn ń nà sí i."

"Òsì kẹ̀?" Ẹ̀bùnlọlá nu ojú nù. "Sí ọ̀gá àgbà? Ọmọ ta ló máa dán irú ẹ̀ wò?"

Fọláyan fò dìde. Ó pa ẹ̀rọ, ó fa fíìmù náà yọ, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ihò wà létí rẹ̀ méjèèjì, kò sì ní ohùn. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kì í kọ̀ bí èèyàn bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Ohun gbogbo á kàn yí padà lára ògiri ni, ọ̀tún á di òsì, òsì á di ọ̀tún. Òun tó lo ogójì ọdún nídìí sinimá, ìkánjú àti owú ti mú kó ṣe àṣìṣe tí ọmọ iṣẹ́ kì í ṣe.

"Òdì ni mo fi í sí," ó ní. "Láti ọjọ́ yìí, òdì ni mò ń wò."

Ó yí i padà. Yàrá ńlá, tábìlì, ọkùnrin méjì. Ọ̀tún ni ọkùnrin gíga náà fi ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí. Ọkùnrin kúkúrú olórí ńlá náà, tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já jáde, òsì ló fi mú pátákó.

Ẹ̀bùnlọlá figbe ta. "Jùwọ́n! Òun nìyẹn! Jùwọ́n, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ!"

Ó dìde, ó sún mọ́ ògiri, ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ bá a ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò. Lára ògiri, ọkùnrin náà pàdánù, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ bọ ọ̀gá àgbà lọ́wọ́. Ó na òsì, ó rántí, ó tètè fà á padà, ó na ọ̀tún, ó sì fi ojú wo kámẹ́rà bí ọmọ tí ọwọ́ tẹ̀ nídìí ìkòkò ẹran.

"Imú mi nìyẹn," ni Débọ́lá wí jẹ́jẹ́. Ó sì bú sẹ́kún.

Fọláyan dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ. Ọkùnrin yìí ni òun gbè lẹ́yìn. Òun gan-an ló pè é ní ọ̀rẹ́. Owú tó tún wá bá a lójú ẹsẹ̀ yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé kò lè kórìíra ẹni tó ń jowú mọ́.

Nígbà tó parí, Ẹ̀bùnlọlá gba agolo náà. Omijé rẹ̀ ti gbẹ.

"Mo sunkún lójú yín," ó ní. "Ẹ ń nu ojú mi nù, ọkọ mi sì wà nínú àpótí yín. Ẹ má wá sẹ́nu géètì wa mọ́."

Bí wọ́n ṣe dá ìgbéyàwó dúró nìyẹn. Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ní gbogbo Sátidé, Fọláyan ń gbé sinimá sára ògiri, àwọn àgbà ń pe orúkọ, àwọn ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Irun rẹ̀ ń padà funfun, kò kùn ún mọ́.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ti wọlé dáadáa kí Débọ́lá tó yọjú. "Ẹbí bàbá mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Dádì. Wọ́n gbọ́ pé a rí i, wọ́n sì fẹ́ wò ó. Mọ́mì ní kí ẹ gbé ẹ̀rọ yín wá."

Fọláyan dìde. "Ṣé ó ti dárí jì mí?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó ní kí ẹ wá, kí ẹ sì fi í sí bó ṣe yẹ."

Ọjọ́ náà nìgbà àkọ́kọ́ tí Fọláyan kọjá ẹnu géètì. Wọ́n ti fa kọ́tìnnì pálọ̀ dé, wọ́n ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun mọ́ ògiri. Àwọn àna kún àga. Ọláníran, ẹ̀gbọ́n olóògbé, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, jókòó síwájú pátápátá. Ẹ̀bùnlọlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wẹ̀yìn.

Fíìmù jáde. Nígbà tí Adéjùwọ́n na òsì sí ọ̀gá àgbà tó sì fà á padà, Ọláníran fi ọ̀pá lu ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. "Màmá ì bá ti gbá a létí!"

Nígbà tí wọ́n ṣí kọ́tìnnì, arúgbó náà yíjú sẹ́yìn. "Arákùnrin, o ṣeun. Kí lo jẹ́ sí ìyàwó wa?"

Fọláyan lè purọ́. Ó lè ní òun wá ṣiṣẹ́ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Èmi náà ni mo rí fíìmù yìí tí mo fi í pamọ́ fún un, nítorí pé mo jowú àbúrò yín."

Àwọn kan ṣe háà. Ọláníran ń wò ó.

"O jowú Jùwọ́n? Jùwọ́n tá a rí níbí yìí? Gbogbo ìdíje tó lọ ló ti pàdánù! Obìnrin yìí nìkan ni ife ẹ̀yẹ tó gbà láyé." Arúgbó náà mi orí. "Dìde. Ọgbọ̀n ọdún ló fi dá tọ́ ọmọ wa, a ò ràn án lọ́wọ́ tó bó ṣe yẹ. Ta ni èmi tí màá dí i lọ́nà? Òun ni kó o lọ bẹ̀, kì í ṣe èmi."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ẹ̀bùnlọlá. Ó dìde, ó fa kọ́tìnnì padà dé.

"Ẹ tún gbé e sí i," ó ní.

Fọláyan fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú òkùnkùn, ó gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ àga nílẹ̀. Ẹ̀bùnlọlá ti gbé àga rẹ̀ kúrò níwájú, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

"Ṣé ẹ ṣì ń jowú?" ó béèrè lábẹ́ ohùn.

"Mò ń jowú."

"Ẹ máa jowú yín lọ. Ẹ má ṣáà fi nǹkan pamọ́ fún mi mọ́." Ọwọ́ rẹ̀ wá ọwọ́ Fọláyan rí, ó sì dì í mú. "Ẹ sọ fún Pásítọ̀ kó mú ọjọ́."

Lára ògiri, bọ́ọ̀lù kọjá lára Adéjùwọ́n, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bùnlọlá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀rín ọ̀dọ́mọbìnrin, irú èyí tí Fọláyan kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó dùn ún wọ egungun. Kò yọ ọwọ́ rẹ̀.